Ẹni Tí Ń Dá Alálẹ́ Lóhùn

Ilé Ìyá Ẹgbẹ́yẹmí ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi èébú lé mi jáde. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, bí Alálẹ́ bá ké nírọ̀lẹ́ òní, kí wọ́n má dá a lóhùn. Obìnrin náà gbé ẹja tó ń họ ìpẹ́ lára rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní ṣé wọ́n ti rán mi wá pa òun ni. Mo ní rárá. Ó ní tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n padà sídìí àwọn ẹ̀rọ etí tí mò ń nù, kí n fi àwọn tó ń ṣọ́ ilé wọn sílẹ̀.

Mo dé ilé kejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nílé kẹta, wọn ò tiẹ̀ fèsì, wọ́n kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú ni. Omítẹ̀dó ò tóbi. Bí wọ́n bá ń dín ẹja létí òkun, àwa ẹ̀yìn ìgbó á ti máa dá itọ́ mì. Kí n tó yí erékùṣù náà po, gbogbo ilé ti gbọ́ pé orí Rẹ̀mílẹ́kún ti dàrú. Èmi ni Rẹ̀mílẹ́kún. Mo ti lé láàádọ́ta ọdún, ọkọ ti kú, Ọlọ́run ò fún mi lọ́mọ, Yèyé mi nìkan ló kù fún mi láyé. Torí ibi tí Yèyé mi máa sùn ni mo ṣe ń gba èébú láti ojúlé dé ojúlé.

Oòrùn ti ń rọ̀ sí apá ibi tí àwọn ẹ̀rọ afàyanrìn wà. Mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n ga ju igi àgbọn lọ, wọn ò sì ní èèyàn kankan nínú. Láti ìgbà tí òjò ti dá ni wọ́n ti dúró sínú òkun tí wọ́n ń retí wa. Bí wọ́n bá gba àṣẹ, wọ́n á ti ẹnu bọ ìdí erékùṣù, wọ́n á fa iyanrìn rẹ̀ mu bí ẹní ń fa mùdùnmúdùn inú eegun, wọ́n á gbé e lọ fi ti ògiri òkun ní Ìlú Odi, kí omi má baà wọlé bá àwọn tó ń gbé lẹ́yìn ògiri. Ohun tí wọ́n fi Ẹbútéjẹ́ ṣe nìyẹn. Ẹbútéjẹ́ wà níwájú wa gan-an, àbúrò bàbá mi kọ́lé síbẹ̀. Omi tó dúdú díẹ̀ ju èyí tó kù lọ ló wà níbẹ̀ báyìí.

Alálẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n fẹnu kan tiwa. Ẹyẹ ni. Òwìwí ni, bí ẹ bá fẹ́ kí n pè é bí àwọn ará ìlú ṣe ń pè é, àmọ́ kò sí ọmọ Omítẹ̀dó tó máa la ẹnu pe orúkọ yẹn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọ̀mọ̀wé Ìlú Odi wá, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ní àwọn ti ṣàwárí ẹyẹ tuntun tí kò sí níbòmíràn láyé. Ẹyẹ tí ìyá ìyá mi ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ kí wọ́n tó bí bàbá wọn. Ẹ̀rín fẹ́ pa wá, ṣùgbọ́n a pa á mọ́ra, torí òfin kan wà tó gbè wá: ibi tí ẹ̀dá bá wà tí kò sí níbòmíràn, afàyanrìn ò gbọdọ̀ débẹ̀, bí ẹ̀dá náà bá ṣáà ti pọ̀ tó láti máa bí sí i. Bí kò bá pọ̀ tó, wọ́n á wá kó o lọ sí Ilé Ẹ̀dá nílùú, ilẹ̀ á di ti ẹ̀rọ.

Kí wọ́n lè máa mọ iye rẹ̀, wọ́n so etí mọ́ wa lágbàlá. Etí la ń pè é, ẹ̀rọ kékeré aláwọ̀ eérú tí kò ju ìkarahun ìgbín lọ. Oòrùn ló ń jẹ, oòrùn ò sì sí nínú ìgbó, ni wọ́n bá so gbogbo rẹ̀ mọ́ igi àgbọn ẹnu ọ̀nà wa. Èmi ni wọ́n ní kí n máa nu iyọ̀ òkun kúrò lára wọn. Lọ́dọọdún ni àwọn etí ń sọ pé Alálẹ́ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwa náà ń jó. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé ẹyẹ tí ojú ẹnikẹ́ni ò rí rí, báwo ló ṣe wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àfi ìgbà tí Dúródọlá dé. Ìjọba ló rán an. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ká sọ tòótọ́. Nínú ẹrẹ̀ ló ti dọ̀bálẹ̀ kí Yèyé mi, pẹ̀lú aṣọ ìjọba funfun lọ́rùn. Mò ń pè é ní Ọ̀gá Kékeré, ó ń rẹ́rìn-ín. Àpótí kan ló gbé wá, kò ju ìrọ̀rí lọ. Àwọn etí àtijọ́, ohùn nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Àpótí yìí, ọ̀fun tí ohùn ti jáde ló ń mọ̀.

Ó dán an wò nírọ̀lẹ́ tó dé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó pè mí sábẹ́ igi àgbọn, ó jẹ́ kí n gbọ́ ohùn kan, ó ní kí ni. Mo ní Alálẹ́ ni. Ó tún jẹ́ kí n gbọ́ òmíràn. Mo ní Alálẹ́ kan náà ni. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún tẹ́tí sí èyí kejì yẹn dáadáa.”

Mo tún tẹ́tí. Láàárín igbe yẹn ni mo ti gbọ́ ikọ́ kan tí ẹni tó ń ké gbé mì kíá. Ikọ́ yẹn ni mo ń gbọ́ mọ́jú láti ọdún tó kọjá. Yèyé mi ni.

Mo jókòó sídìí igi àgbọn, mo wá ń ṣàlàyé àṣà wa fún ọmọ ọlọ́mọ. Bí Alálẹ́ bá ké nírọ̀lẹ́, obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fi ohùn tirẹ̀ gan-an dá a lóhùn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a wà nílé, a pé, máa kọjá lọ. Ilé tí kò bá dáhùn, Alálẹ́ á rò pé kò ní onílé, á sọ ikú kalẹ̀ síbẹ̀. Kò sí ilé tó jẹ́ dán an wò. Àwọn ìyá wa sì mọ ohùn ẹyẹ náà fà dáadáa, kò sí bí ẹ̀rọ àtijọ́ ò ṣe ní í kà wọ́n mọ́ ẹyẹ. A ò purọ́ fún ìjọba o. Ilẹ̀kùn wa la ń ṣọ́.

Dúródọlá fọwọ́ bo ojú. Ó ní ohun tí àpótí gbọ́ lánàá ò tíì lọ sílùú, èyí tó bá gbọ́ nírọ̀lẹ́ òní ló máa lọ, àpótí ló sì máa rán ara rẹ̀, òun ò lè dá a dúró. Bó bá gbọ́ ọ̀fun èèyàn láàárín ti ẹyẹ, ìtànjẹ ló máa pè é, ẹni tó bá sì tan ẹ̀rọ jẹ kò ní àyè lẹ́yìn ògiri láéláé. Ọkọ̀ alárìnká ni wọ́n máa kó wọn sí. Kò sẹ́ni tí kò mọ ọkọ̀ alárìnká. Ojú omi ló ń yí ká, èbúté kankan ò gbọdọ̀ gbà á. Orí rẹ̀ ni àbúrò bàbá mi wọ̀ nígbà tí wọ́n mu Ẹbútéjẹ́. Ó ránṣẹ́ sí wa lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ó ní bí gbogbo ilé bá lè dákẹ́ nírọ̀lẹ́ yìí, ẹyẹ nìkan ni àpótí máa kà, bí ó bá ṣáà ti ju bíi mélòó kan lọ, a bọ́. Mo ní ó máa jùyẹn lọ. Báwo ni mo ṣe mọ̀? Mi ò mọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Omítẹ̀dó dó, a ò dákẹ́ rí kí á gbọ́ iye wọn. Ìyẹn nìkan ni ìrètí tí mo ní, òun ni mo gbé dání lọ sí ojúlé kọ̀ọ̀kan.

Ilé tiwa ni mo gbẹ̀yìn sí, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa le jù. Yèyé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ojú rẹ̀ ti ṣe bàìbàì, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń ríran. Mo ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo ṣe tán, ó bi mí bóyá mo rántí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Mo ní báwo ni mo ṣe máa rántí rẹ̀, ẹ ò tíì bí mi. Ó ní òun wà lókun lọ́jọ́ náà, atẹ́gùn ò jẹ́ kí òun tètè dé, kò sẹ́ni tó dáhùn nílé. Ọmọ náà ò rí ọjọ́ kejì.

“Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí,” ni ó wí, ó sì fa okùn àwọ̀n náà le.

Mo ní, “Yèyé, ibà ló pa á. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ fún mi.”

“Mo mọ̀ pé ibà ni. Ta ló wá ṣílẹ̀kùn fún ibà?”

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ bí mi ò ṣe bẹ èèyàn rí. Mo ní bí ẹ bá la ẹnu nírọ̀lẹ́ yìí, orí ọkọ̀ alárìnká lẹ máa kú sí, mi ò sì ní rí ilẹ̀ tí mo máa sin yín sí. Mo ní bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ràn mi, ẹ dákẹ́. Ó fi ọwọ́ wá ojú mi, ó nu omijé kúrò níbẹ̀. Ó ní ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n òun ti gbọ́. Ó yẹ kí n mọ̀ pé “mo ti gbọ́” kì í ṣe “mo gbà”.

Oòrùn wọ̀. Dúródọlá gbé àpótí rẹ̀ sórí ìjókòó kan lágbàlá wa. Mò ń wo ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé. Ìyá Ẹgbẹ́yẹmí tó fi èébú lé mi jáde dúró síbẹ̀, ó ti ki etí aṣọ ìró rẹ̀ bọ ẹnu. Àwọn yòókù náà ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́ tèmi, àwọn ìyá wọ̀nyí, bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà wọ́n.

Alálẹ́ ké nínú ìgbó. Kíùù. Ó rọra dún, ó gùn díẹ̀. Kò sẹ́ni tó fèsì.

Òmíràn ké lápá odò. Mo di ọwọ́ Dúródọlá mú. Òmíràn tún ké lẹ́yìn ilé Ìyá Ẹgbẹ́yẹmí, mo ní ẹ̀kẹta rèé, inú mi ti ń dùn. Ọmọ náà ń wo àpótí, kò wò mí. Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí pé ọ̀fun kan náà ni. Ó ní ó ń fò káàkiri ni.

Mo wá gbọ́ ọ bó ṣe rí. Ẹyẹ kan ṣoṣo ni. Igi ẹnu ọ̀nà kan ló ń bà, á ké, á dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí ìdáhùn máa ń gbà, á tún ké, á sì fò lọ sí ilé kejì. Gbogbo ilé dákẹ́ fún un. Nígbà tó máa fi dé orí igi tiwa, ohùn rẹ̀ ti ń ga sí i, ó ti ń yára. Láti kékeré ni mo ti ń bẹ̀rù ohùn yìí, a máa ń tètè dáhùn kí ó lè tètè lọ, kò sẹ́ni tó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán rí. Kò ní ikú kankan lọ́wọ́. Ó ń wá ẹnì kejì rẹ̀ ni, bóyá láti ogún ọdún, bóyá ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ìyá wa ló sì ń dá a lóhùn. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Yèyé dìde. Mo di aṣọ rẹ̀ mú.

Ó ní, “Fi mí sílẹ̀, Rẹ̀mi. Ó ń bi mí bóyá mo wà.”

Ó la ẹnu, ó dá a lóhùn. Ìyá Ẹgbẹ́yẹmí yọ aṣọ lẹ́nu, òun náà dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ láti ilé dé ilé, títí dé etí òkun, tí gbogbo wọn ń sọ pé àwọn wà, àwọn pé. Mo gbé àpótí náà, mo fẹ́ sọ ọ́ sómi. Dúródọlá ní kí n má wulẹ̀ ṣe wàhálà, ohun tó gbọ́ ti lọ sílùú.

Ìdáhùn Ìlú Odi dé kí oòrùn tó gbóná. Àpótí náà ló sọ ọ́, ó fi ohùn obìnrin tó dùn létí sọ ọ́, Yorùbá tí kò ní ìlú. Ẹyẹ kan. Ohùn tó kù, èèyàn. Ìtànjẹ. Kí wọ́n gbé ẹyẹ lọ sí Ilé Ẹ̀dá, kí wọ́n kó àwọn olùgbé sínú ọkọ̀ alárìnká, kí afàyanrìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo bi àpótí náà bóyá ó lè gbọ́ àwíjàre. Ó ní mo kú iṣẹ́.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Dúródọlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú òfin bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bọ́ sínú yanrìn, ó wá rí ọ̀nà kan. Bí ará ibẹ̀ kan bá ran ìjọba lọ́wọ́ láti mú ẹ̀dá náà láàyè, ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo erékùṣù á parẹ́, kálukú á ní àyè lẹ́yìn ògiri. Iyanrìn wa ò ní í padà, àmọ́ Yèyé á rí ibùsùn tó dúró lójú kan. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹyẹ yẹn kì í wá síbi iná, kì í jẹ ìjẹ inú páńpẹ́. Ohùn nìkan ló ń bọ̀ wá bá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ pè é.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn ìyá. Wọ́n sunkún, wọ́n sì kọ̀. A máa ń dá Alálẹ́ lóhùn ni, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ pè é rí láti ayébáyé. Ẹni tó bá pè é ti pe ikú wá jẹun. Yèyé ní tiẹ̀ ò sọ̀rọ̀ ikú. Ó ní ẹni tó ń bèèrè òun lójoojúmọ́ láti ìgbà tí òun ti di opó, ẹ ní kí òun pè é wá, kí ẹ fi àwọ̀n mú un. Ó ní kí n má tún sọ irú ẹ̀ mọ́ lójú òun.

Mi ò tún sọ ọ́. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ dé, mo bu oúnjẹ fún un nínú ilé, mo ní kó máa jẹun, mò ń lọ nu àwọn etí. Mo gba ẹ̀yìn ilé. Dúródọlá ti lúgọ sídìí ògiri pẹ̀lú àwọ̀n, ojú rẹ̀ pọ́n. Mi ò dá Alálẹ́ lóhùn rí láyé mi, torí èmi kọ́ ni mo dàgbà jù nílé wa. Ṣùgbọ́n ohùn Yèyé mi ni mo gbọ́ sùn láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo fi ohùn rẹ̀ pè é. Mo tiẹ̀ fi ikọ́ tí ó máa ń gbé mì sí i.

Kò pẹ́ rárá tó fi dé. Ó bà sórí okùn tí a sá aṣọ Yèyé sí. Ẹ gbà mí, ó kéré. Kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, ìyẹ́ rẹ̀ pupa bí èèpo igi, ó ní ìyẹ́ ṣóńṣó méjì lórí bí etí, ojú rẹ̀ tóbi, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí epo. Nǹkan tó lé gbogbo wa wọlé fún ìran mẹ́ta. Ó ń wo ẹnu mi.

Nígbà náà ni Yèyé dáhùn látinú ilé. Ó ti gbọ́ mi, ó rò pé Alálẹ́ ló ké. Ẹyẹ náà yí orí sápá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Dúródọlá ju àwọ̀n.

Kò jà. Kò ké rárá. Ọmọ náà rọra kó o sínú àpò rírọ̀ tí wọ́n fún un, ó ń sọ pé ẹ má bínú, ẹ má bínú, mi ò mọ èwo nínú àwa méjèèjì ló ń sọ ọ́ fún. Ó gbé e lọ sí ọkọ̀ létí òkun.

Mo dúró síbẹ̀. Ìṣe Alálẹ́ ni pé bí èèyàn bá ti dá a lóhùn, á tún ké lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ. Yèyé ń retí rẹ̀. Mo gbọ́ tí ó gbé abọ́ sílẹ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ni Yèyé mi, tí kò pe Alálẹ́ rí, kọ́kọ́ la ẹnu, ó pè. Ó dákẹ́, ó tún pè, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

Mo fi ohùn Alálẹ́ dá a lóhùn láti ẹ̀yìn ilé.

Ó mí kanlẹ̀, ó ní ó dàárọ̀ o, ó sì ti ilẹ̀kùn.